Mẹ́wàá Lọ́nà Mẹ́fà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Uulkan, inú fóònù ni kó ti wá a. Nínú ilé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá ń ṣàìsàn láti ìlú Naryn dé agbègbè Jumgal, ohùn rẹ̀ ni àwọn darandaran ń gbọ́ lórí ẹṣin: "Ẹ má fún un lómi o! Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ ná." Dókítà ẹran ni bàbá tó bí i, ẹ̀yìn bàbá yẹn ló sì ń tọ̀ kiri láti kékeré títí iṣẹ́ náà fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún kejìlélógún rèé tó wọlé ọkọ ní abúlé wa, Kara-Bulak. Ernis ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní Mọ́síkò. Òun wà nílé pẹ̀lú àwọn òbí ọkọ, màlúù mẹ́rin, àti ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ lórí Wásáàpù.

Mal Aman lorúkọ ẹgbẹ́ náà, bí a ṣe ń kíra wa láràárọ̀: ṣé ẹran wà lálàáfíà? Aládùúgbò mẹ́rìnlá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti lé ní irinwó, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò fojú kàn án rí. Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ta ni yóò máa kàwé lórí ẹṣin nínú òtútù?

Ohun kan ṣoṣo ló há mọ́ ọn lẹ́nu. Altymysh lorúkọ bàbá ọkọ Uulkan, Altymysh náà la sì ń pe ọgọ́ta ní èdè wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí bàbá yìí, bàbá àgbà rẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí Uulkan ti wọlé, ọgọ́ta kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà" ló máa ń wí. Oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà àti méjì, àbí, ìyàwó wa?" Á sì máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo abúlé ti mọ̀ ọ́n débi pé etí wa kì í gbọ́ ọ bí àyípoyípo mọ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí tó wà ní Jumgal wá ńkọ́, tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bàbá ọkọ ẹ?

Nínú oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán kan tí gbogbo abúlé wà lóko pòtétò, Uulkan ń di koríko fún bàbá ọkọ rẹ̀, tó wà lórí òrùlé ilé ẹran tó ń tò ó. Fóònù dún. Ohùn ọkùnrin àgbà kan ni.

"Àbúrò mi, ẹ gbà mí o! Mambetaly ni mí, láti Jumgal. Àwọn àgùntàn mi já wọ oko beede láàárọ̀ yìí, koríko tútù tí a gbìn fún ẹran, tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ yó. Méjìlá péré ni mo ní láyé. Ọ̀kan ti kú, inú àwọn yòókù ti wú bí àpò. Ẹ má kọ̀wé sí mi o, dígí ojú mi ti fọ́!"

Uulkan kò fi àkókò ṣòfò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ orí wọn sí apá òkè, kí ẹ fi igi há wọn lẹ́nu kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lẹ́yìn náà, òróró. Mílì mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó bá padà sídìí koríko.

Kò pẹ́, ohùn náà dé. "Mo ti fún wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìgbà wo ni kí n fún wọn ní ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ṣé kí n jẹun ọ̀sán tán? Òmíràn mà ti dùbúlẹ̀ o."

Mẹ́wàá! Kí ni mẹ́wàá fẹ́ ṣe nínú ikùn àgùntàn? "Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni! Mẹ́wàá yẹn, mẹ́fà yẹn, ẹ pa wọ́n pọ̀!"

"Áà, ó ti yé mi. Mẹ́rìndínlógún."

"Mẹ́rìndínlógún kẹ̀! Mo gbé!" Uulkan sáré bá ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń tú irun àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe iye òróró yìí sínú fóònù."

Ìyá arúgbó fà sẹ́yìn. "Èmi? Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti wà nílé yìí, Bàbá Ernis ni mo ń pè é. Ṣé ọjọ́ ogbó ni kí n wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́? Sọ pé àádọ́ta àti mẹ́wàá."

"Ẹni tó sọ tèmi di mẹ́rìndínlógún, Ìyá? Á fi mẹ́wàá ọ̀hún pamọ́ di ọ̀la ni!"

Fóònù tún dún. "Àbúrò mi, ìkejì ti kú."

Uulkan gbójú sókè wo ẹ̀yìn bàbá lórí òrùlé. Ojú ti ń tì í kó tó lanu rárá. Ó tẹ fóònù, ó di ojú.

"Altymysh! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mílì Altymysh, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Altymysh!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Lórí òrùlé, ọwọ́ bàbá dúró.

"Hòóò!" Bàbá jẹ́. "Mo ń bọ̀ o!" Ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú koríko nínú irùngbọ̀n.

Fóònù ló gba Uulkan sílẹ̀. "Altymysh! Ẹ ò bá ti wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀, àbúrò mi!" Bàbá gbọ́ ìyẹn náà. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dorí kodò, ó tún gun òrùlé lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Mambetaly ránṣẹ́ pé ọ̀kan tún kú, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ti ń jẹ koríko gbígbẹ. Ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há. Uulkan kò lè yọ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n jókòó ti tíì, ó ń bu tíì fún bàbá láìgbójú sókè.

"Ìyàwó," bàbá pè é.

"Bàbá."

"Ta ló pè mí lọ́sàn-án?"

"Ẹ foríjì mí, Bàbá. Àgùntàn ọkùnrin kan ló..."

"Mo ti gbọ́ ti àgùntàn." Bàbá ti abọ́ tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí ìyá mi ti kú. Láti ọjọ́ náà, obìnrin kankan ò pe orúkọ mi mọ́." Ó na etí rẹ̀ kan tó ṣì ń gbọ́ran dáadáa sí fóònù. "Gbé ohùn yẹn sí i, kí n tún un gbọ́."