Oyin Tí Yẹ́misí Fi Bẹ Ẹyẹ

Yẹ́misí kì í gba ìsọkúsọ láyè. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti tọ́jú aláìsàn títí ní Atlanta, kò sì sí irọ́ tí aláìsàn lè pa fún un tí kò ní já. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹyẹ tí kò tó àtàǹpàkò, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Clarkston.

Oyèníran ọkọ rẹ̀ ló so ike omi síbẹ̀ fún hummingbird, ẹyẹ tíńtín tó máa ń dúró lójú afẹ́fẹ́ bíi pé wọ́n fi òwú so ó rọ̀. Tí òtútù bá ti ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò á ká tiwọn wọlé, wọ́n á ní àwọn ẹyẹ ti lọ síbi tó móoru. Oyèníran kì í ká tirẹ̀. Á ní, "Àwọn kan ṣì ń bọ̀. Ṣé àlejò tó bá pẹ́ dé kò ní jẹun ni?" Nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ohùn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ìyàwó rẹ̀: "Yẹ́misí, má jẹ́ kí omi àwọn ẹyẹ mi gbẹ o."

Omi náà gbẹ. Ìsìnkú, àlejò, shift, ẹkún. Ta ló máa rántí ẹyẹ?

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù December, ó ń fọ abọ́, ló bá gbójú sókè. Ẹyẹ kan wà níwájú ike gbígbẹ náà, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wò ó. Pupa rúsúrúsú ni, bí àwọ̀ ara Oyèníran gan-an. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Yẹ́misí.

"Yéè! Bàbá Abímbọ́lá!"

Ẹ rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́. Ẹni tí òkú kò bẹ̀ ní nǹkan rí ló ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ ìró ìyẹ́ ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó gbà pé ọkọ òun ló ń bínú. Omi ṣúgà ni Oyèníran máa ń pò fún wọn, ṣùgbọ́n Yẹ́misí ní ta ló ń fi ṣúgà bẹ àgbà? Ó bu oyin tó ṣẹ́ kù níbi àdúrà ìrántí, ó là á mọ́ omi, ó dà á sínú ike. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún, kí inú yín yọ́ sí mi."

Ẹyẹ náà mu ún.

Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí ẹ̀ka, ó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, kò lè fà á padà. Bí Abímbọ́lá ọmọ rẹ̀ ṣe ti yunifásítì Downtown dé fún ọlidé nìyẹn.

"Mummy, kí lẹ fún un?"

"Oyin ni."

"Ah, Mummy! Oyin máa ń bà jẹ́ nínú ike yẹn, ó máa ń pa wọ́n. Ife ṣúgà kan, ife omi mẹ́rin, that's all Daddy used. Rufous ni wọ́n ń pe irú hummingbird yẹn, apá West Amẹ́ríkà ló ti wá. Wọ́n máa ń wá síbí ní winter. It's not Daddy."

Yẹ́misí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbàgbé rẹ̀, ó wá mi wá, mo tún fún un ní májèlé."

Wọ́n fi omi gbígbóná fọ ike náà, wọ́n se omi ṣúgà, wọ́n jẹ́ kó tutù. Kí omi náà má baà di yìnyín, Yẹ́misí ń gbé ike náà wọlé lálẹ́, á gbé e jáde láàárọ̀, á wọ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á dúró tì í. Ẹyẹ pupa kò wá. Ẹ̀ka náà ṣófo.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Abímbọ́lá pariwo, "Mummy, it's back!" Ó tún wò ó dáadáa, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀yìn eléyìí green ni. Òmíràn ni. Ẹ pẹ̀lẹ́, Mummy."

Ẹyẹ náà ń mu, ó ń mu, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Omijé ń dà lójú Yẹ́misí.

"Mo ti rí i pé kì í ṣe òun. Daddy ẹ náà ò mọ ìkankan nínú wọn rí, ó sì ń fún wọn lómi."

Ó wọlé lọ wọn ṣúgà sínú ìkòkò. Ìró ìyẹ́ náà tún dún ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò tọrọ àforíjì mọ́.

"Omi wà níta, Bàbá Abímbọ́lá," ló wí.