Ìyá Ọmọ Tí Mo Pè Ní Ìwọ

Ẹnu mi yá ju ojú mi lọ, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan tí mo ń kọ́ praimárì tú nítòsí Ìbà Housing Estate, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń ṣi gbogbo ohun tí mo bá kọ sójú bọ́ọ̀dù kọ. Bí mo bá bi í léèrè lẹ́nu, ó mọ̀ ọ́n. Mo fura pé kò ríran dáadáa ni, mo sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mú un lọ fún àyẹ̀wò kó tó di ìdánwò, kó má baà tún kíláàsì kan náà kà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọge tín-ín-rín kan tó wọ jíǹsì wá mú un lẹ́nu géètì. Mo ní, "Ìwọ, sọ fún ìyá ẹ kó wá rí mi lọ́la. Má gbàgbé o."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó ń lọ. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, mọ́mì mi nìyẹn."

Yéè! Ojú gbà mí tì.

Láti ọjọ́ náà, aládùúgbò ló ń rán wá mú ọmọ. Mo kọ lẹ́tà méjì, kò fèsì. Inú bí mi: nítorí "ìwọ" lásán, kí ojú ọmọ máa bàjẹ́ lọ? Àmọ́ èmi náà ńkọ́, ta ló tó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ mi?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, mo wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ìyànà Ìbà. Èmi tí mo lè bí i lọ́mọ, mo kúnlẹ̀ sórí ègé aṣọ. "Ẹ má bínú, mà. Ojú mi ló tàn mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọmọ yín ni mo bá wá."

Ó sáré gbé mi dìde, ó ní ṣé mo fẹ́ káyé bú òun ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní gbogbo ìgbà tóun bá rí ìwé ọmọ yẹn, òun máa ń nà án ni.

Lọ́jọ́ Ajé kejì, àwọn méjèèjì jọ dé, ọmọ ti wọ gíláàsì. Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wá wo ojú mi fínnífínní.

"Àǹtí, ẹ kọlà?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ pélé yìí fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo sì ti ń dúró níwájú ọmọ yẹn.