Àgò Onílé Lára Gíláàsì

Ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ láàbù ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ka ohunkóhun lára gíláàsì láìkọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Wọ́n á fi èékánná gbá a jẹ́jẹ́, wọ́n á ní, "Àgò onílé o." Mẹ́kúrì inú rẹ̀, tí a fi ń mọ ìwọ̀n, á mì, á dúró. Àwọn náà ni wọ́n á dá ara wọn lóhùn: "Àgò yà." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa kà á. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọn kì í já wọlé onílé.

Lọ́dún tí mo ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, sípíríìtì la dé mọ́nú gíláàsì. À ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, ká lè mọ bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ṣe ń ti mẹ́kúrì sókè tó. Mo kà á títí ó fi gbóná dé òkè. Bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe kó lè dájú, wọ́n mú iná lọ. Ọ̀la ni mo sì gbọ́dọ̀ fa iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Mo káwọ́ lérí.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kò ní tutù ni? Ọ̀nà tó gbà lọ ló máa gbà bọ̀. Máa kà á bọ̀."

Mo ń kanlẹ̀kùn, mo ń kà. Iye tí mo kà lálọ náà ni mo bá lábọ̀. Ìyá jó láàárín àwọn tábìlì, híjáàbù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Èmi náà ń kọ́ni báyìí, ní Ọ̀yọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́wọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ èékánná lára gíláàsì. Ọmọ kan tí kò rí Ìyá rí, tó kàn ń wo bí èmi ṣe ń kà á, ní, "Àgò onílé o."

Èmi ni mo dá a lóhùn.