Ikùn Bàbá Mi àti Rọ́bà Ẹ̀rọ Kòkó

Lọ́dọọdún, níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀lé, bàbá mi a máa dúpẹ́ fún ikùn rẹ̀. Á fi ọwọ́ lù ú níwájú ìjọ, á ní, "Ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe!" Èmi náà á ṣe àmín tọkàntọkàn, torí oko kòkó tó bọ́ ikùn náà ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bàbá kì í lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì kó má dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń kí àwọn ènìyàn ni. Kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lọ́nà, á ṣì dúró kí wọn. Ìyá mi kì í bá wa rẹ́rìn-ín sí i. Àrùn ọkàn ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, agùnbánirọ̀ tó jẹ́ dókítà wá yẹ àwọn àgbà ìjọ wò. Bó ṣe na téépù yí ikùn bàbá ká, bàbá na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó dúró níwájú télọ̀.

"Dókítà ọmọ mi, fi àyè sílẹ̀ o. Ìkórè ń bọ̀."

"Bàbá, aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ rán."

Dókítà ní ọ̀rá ikùn kì í jókòó lásán. Ó ń tú họ́mónù, èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, họ́mónù tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ á pọ̀ sí i, èyí tó ń dáàbò bò ó á dín kù, iṣan náà á wá le.

"Ọ̀rá mi ló ń ṣiṣẹ́ tó báyìí? Mo rò pé ó ń sinmi ni."

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "Bàbá wọn, ẹ rántí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín kòkó, tí oòrùn mú kí rọ́bà rẹ̀ gan bí igi. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ títí apá fi ń ro yín. Rọ́bà yẹn ló wà láyà yín."

Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ti bá rọ́bà yẹn jà fún odidi ìgbà òjò kan.

"Ṣé ọkàn ló wá ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ?"

"Òun ni, Bàbá. Tọ̀sán-tòru."

Láti ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni bàbá fi ń lọ sóko. Ó dín iyán kù sí ìdajì, ó sì ń wo ìdajì kejì bí ẹni ń dágbére. Nígbà tó fọn, àwọn ìyá ìjọ wá bá ìyá mi: "Ṣé ẹ ò fún Bàbá lóúnjẹ mọ́ ni?" Àwọn kan tilẹ̀ gbààwẹ̀ fún un.

Ní ìkórè ọdún kejì, ó gun òkè náà láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọpẹ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ láti lu ikùn, aṣọ nìkan ni ọwọ́ bà.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ó ní, "fún èyí tí Olúwa gbà padà."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ó sì rẹ́rìn-ín.