Eyín Pákó Tí Mo Tún Gé

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó wa lọ́rì pákó láti igbó Oǹdó wọ ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún tí igi kan ṣoṣo ò já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, èmi nìyẹn. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ di ojú mi, kí ẹ gbé igi sí mi nímú, màá sọ fún yín bóyá ìrókò ni tàbí ọ̀gànwó.

Nígbà tí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, sọ táyà di góòlù, ẹni tó ni lọ́rì tà á fún àwọn tó ń fi irin ṣòwò. Bí èmi, baba ọmọ, ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí ìtì igi lọ́jà pákó láti àárọ̀ nìyẹn, tí mò ń wo lọ́rì oní-lọ́rì. Ilé ò ṣeé jókòó sí. Ọkùnrin tí ìyàwó ń gbálẹ̀ yí ká lójú ọ̀sán, kí ló tún kù fún un?

Ahéré onípáànù kan wà lẹ́yìn ọjà. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ náà, nítorí náà ọmọ onílẹ̀ là ń pè é. Èkejì ni Baba, àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ṣakí, ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ̀rọ iná ń han gooro ní òdìkejì ọ̀nà, ṣùgbọ́n ayùn ọwọ́, ìfági ọwọ́ àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni tiwọn.

"Ìwọ tó ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù," Baba ní, "wá bá mi di orí pákó yìí mú."

Mo dì í mú. Ọjọ́ kejì mo tún lọ, ọjọ́ kẹta mo mú ayùn tèmi dání. Bí ẹnu ìfági bá mú dáadáa, igi á máa ká jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, òórùn ọ̀gànwó á gba gbogbo inú ahéré, èmi á sì gbàgbé pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ayùn mi bá kọjá ìlà, ọmọ onílẹ̀ á pariwo:

"Dírẹ́bà, bíréèkì! O ti wọ gọ́tà o!"

"Ẹnu rẹ ló mú ju ayùn rẹ lọ," èmi náà á dá a lóhùn.

Baba á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ iṣẹ́ náà. Kí n má purọ́ fún yín, ẹni tó yára kọ́ iṣẹ́ yẹn tó mi kò tí ì dé ọjà náà.

Òfin kan ló wà nínú ahéré. Eyín ni ohun tí à ń gé sí ẹnu pákó kan, kó lè wọ ihò pákó kejì pinpin láìsí ìṣó. Ẹni tó bá gé eyín ló máa tún un ṣe. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fi irin kàn án, àfi bí olúwa rẹ̀ bá pè é.

Ṣáájú Iléyá ọdún kan, mọ́sálásí ìdílé ọmọ onílẹ̀ ní ká ṣe mínbárì tuntun fún àwọn, àga gíga tí ìmáàmù máa ń gùn ṣe wáàsí ọjọ́ Jímọ̀. Baba ní àwọn làwọn máa gé gbogbo eyín rẹ̀.

"Onítẹ̀bọmi ń gbẹ́ àga ìmáàmù," ọmọ onílẹ̀ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Baba, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ ó gbà wọ àlùjánnà."

"Kí ìwọ ṣáà ti bá mi ṣílẹ̀kùn."

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo ti rí i pé ọwọ́ òsì Baba ń gbọ̀n. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ní ọ́fíìsì ní Ring Road, ti sọ ọ́ lójú wa pé ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá kọ iṣẹ́, Ṣakí lòun máa gbé wọn lọ kí wọ́n lọ sinmi. Baba sì ti sọ fún mi pé, "Kí ni mo fẹ́ sinmi fún? Ìyá wọn ti kú. Ògiri ni màá máa wò níbẹ̀."

Mo wá ń jí lọ sí ahéré ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Eyín tí Baba bá gé wọ́, màá fi ṣísẹ́ẹ̀lì mi fá a títí á fi jókòó sínú ihò rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Iṣẹ́ náà mọ́! Ká ní ẹ rí i, ẹ ó kí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Baba mú pákó kan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀. Wọ́n tún un rà. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n, apá òsì ni ipa irin wọn máa ń dà sí. Tèmi dà sí ọ̀tún. Mi ò ronú kan ìyẹn.

"Ta ló fọwọ́ kan eyín mi?"

Ọmọ onílẹ̀ wò mí.

"Èmi ni, Baba."

"Mo pè ọ́?"

"Ẹ ò pè mí. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ yín—"

"Ṣé tìẹ lọwọ́ náà ni?"

Inú bí mi. Mo ní ká ní kì í ṣe èmi ni, ìmáàmù ì bá já lulẹ̀ tòun ti Kùránì lọ́wọ́.

"Dírẹ́bà, ó tó!" ọmọ onílẹ̀ ké mọ́ mi.

Baba fa pákó tuntun yọ, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé eyín lójú àwa méjèèjì. Ayùn á lọ díẹ̀, á dúró. Á tún lọ. Mo di ọwọ́ mi sẹ́yìn kí n má baà gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ti eyín náà bọ ihò, àlàfo tó kù gba ọmọńdinrín.

Wọ́n kọjú sí ọmọ onílẹ̀. "Ṣé mọ́sálásí yín á gbà á báyìí?"

Ó fi ìka kan àlàfo náà. "Baba, èèyàn ló máa gùn ún."

Wọ́n mi orí. "Ohun tó yẹ kí n ti gbọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹ ń fi pa mọ́ fún mi bíi pé ọmọdé ni mí." Àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pé kó wá gbé àwọn lọ Ṣakí.

Ọmọ onílẹ̀ ní mo jẹ̀bi. Mi ò gbà títí dòní. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún eyín yẹn gé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àsọyé mi fún un, mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi fọwọ́ kan ayùn lọ́sẹ̀ yẹn.

Àdúgbò Àgbowó ni yàrá Baba wà. Ọjọ́ tí mọ́tò ọmọ wọn wá gbé wọn, àwa méjèèjì lọ. Ojú ọ̀run ti ṣú. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu dáadáa, nítorí èmi kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Baba yọjú lójú fèrèsé mọ́tò.

"Ọ̀gànwó tó wà lẹ́yìn ahéré," wọ́n ní, "òjò ń bọ̀. Ẹ gbé e wọlé."

"A ó gbé e wọlé, Baba."

Mọ́tò ṣí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò, ìyẹn nìkan ló jáde.