Ọjọ́ Tí Omi Ká Àbúrò Mi Mọ́ Orí Yanrìn

Nígbà òjò, ọkàn mi máa ń balẹ̀, torí omi ọ̀sà kì í níyọ̀ nígbà náà, ẹja òkun kì í sì í wọlé. Ọ̀pá ìpẹja àbúrò mi ọkùnrin á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé wa ní Ìpọ̀nrí. Àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, á so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ìwọ̀ láti fi tan ẹja, ó di etí ọ̀sà lẹ́yìn Yaba.

Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé e, omi ti fà sẹ́yìn, ó sì lọ dúró lórí yanrìn tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Ìgbà yẹn gan-an ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ibi tó jìn láàárín wa ló sì kọ́kọ́ kún.

Mo pariwo, "Jù ú sílẹ̀, jàre!"

"Àǹtí mi, ó ti ń rẹ̀ ẹ́! Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan!"

Ìṣẹ́jú kan kẹ̀! Omi ti dé orúnkún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì ò mọ̀wẹ̀. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo la omi náà kọjá, ó mù mí dé àyà. Mo fa ọ̀bẹ ìdí rẹ̀ yọ, mo gé okùn náà, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lọ́rùn, mo wọ́ ọ bọ̀. Nígbà tá a ń bọ̀, omi ti dé àgbọ̀n mi.

Nígbà tá a dé Ọ̀yìngbò, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i bó ṣe tóbi tó?"

"Mi ò rí ẹja kankan. Orí ẹ ni mò ń wò, bóyá ó ṣì wà lókè omi."