Bóòtù Tó Já Sílẹ̀

Àtúnwò ni wọ́n ń pe obìnrin mẹkáníìkì náà. Orúkọ yìí ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ àbísọ pè é, ó lè má dáhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bó bá tún ọkọ̀ ṣe tán, tí oníbàárà ti nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́, á ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n tún un wò." Á tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Àwọn aláwàdà àdúgbò a máa sọ pé bí èèyàn bá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ bá a, yóò wá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí kó tó gbà pé kò ní. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ a ní òun ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lójú rẹ̀, torí yóò dìde lọ tún un tì ni.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà tó ń lò títí dòní: òrùlé páànù, ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, ògiri tí wọ́n gbé sípánà kọ́, láti orí èyí tó kéré bí ìka dé orí èyí tó gùn bí apá. Nígbà tí ojú bàbá ń di bàìbàì, gbogbo ẹbí rò pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ṣùgbọ́n bàbá pè wọ́n jókòó, ó kọjú sí ọkùnrin, ó ní, "Ìwọ, o mọ ọkọ̀ wà ju bó o ṣe mọ̀ ọ́n tún ṣe lọ. Sùúrù abẹ́ ọkọ̀ ò sí lára rẹ." Ó gbé àpótí irinṣẹ́ fún obìnrin. Àbúrò ò jiyàn. Ó lọ gba iṣẹ́ dírẹ́bà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó ń fi bọ́ọ̀sì àtijọ́ gbé àwọn ọmọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn wà láàárín wọn bí eegun ẹja nínú ọbẹ̀. Wọ́n ń jẹun yí i ká ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, àbúrò wa bọ́ọ̀sì náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó ti yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Sítíárìn ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọ ọdún méje."

"Káàárọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tòní ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ aago mẹ́sàn-án là ń kó àwọn ọmọ lọ sódò, wọ́n fẹ́ lọ wo ẹyẹ tí tíṣà wọn ń kọ́ wọn. Bí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, Ọ̀gá ilé ìwé ní òun á wá dírẹ́bà mìíràn."

Àtúnwò gun orí àga awakọ̀. Ó di sítíárìn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fà á sókè, ó tì í sílẹ̀. Ó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, ó fi sukudíráfà ṣí ìdérí fèrè tó wà láàárín sítíárìn. Nọ́ọ̀tù ńlá tó di sítíárìn mọ́ ọ̀pá rẹ̀ ti tú débi pé ìka lásán lè yí i. Ó mú sípánà tó bá a mu, ó fún un títí kò fi lè lọ mọ́. Ó dá ìdérí padà, ó so bátìrì. Ó tún sítíárìn fà, ó tún un tì. Kò mì mọ́.

"Ó ti dúró nìyẹn," àbúrò wí. Ó ti ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ó dúró lókè. Jẹ́ kí n wo ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá ti wọnú àpótí sítíárìn tó ń yí táyà. Ohun tó tú lókè lè ti tú nísàlẹ̀."

Àbúrò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló sì dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí rèé. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ṣé ohun tí mo bá sọ ò lè tó láéláé ni, àfi bí ẹ bá tún un wò?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń sọ, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Àtúnwò sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ó dáa. Máa lọ. Rọra wà á."

Bọ́ọ̀sì jáde. Àtúnwò fọwọ́, ó mú ìgbálẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò lélẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé àbúrò òun kì í ṣe ọmọdé. Ibi tí táyà iwájú ti dúró ló ń gbá tí nǹkan kan fi dún lẹ́nu ìgbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Bóòtù ni, kò gùn ju ìka àárín lọ. Ó ti dípẹtà, eyín rẹ̀ ti jẹ tán lápá kan, kò sì sí nọ́ọ̀tù lẹ́nu rẹ̀.

Ó mọ bóòtù náà. Òun ló ń há ìsàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn mọ́ àpótí rẹ̀. Fífà tó ń fa sítíárìn sókè sódò láàárọ̀ yẹn ló jẹ́ kó já bọ́. Ní báyìí, ńṣe ni ọ̀pá náà kàn fẹnu lé ibi tó yẹ kó wọ̀. Bó bá gbọ̀n díẹ̀ sí i, yóò yọ, awakọ̀ á máa yí sítíárìn, táyà ò sì ní dá a lóhùn.

Ó pe àbúrò lórí fóònù. Fóònù dún lórí tábìlì iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó dúró pẹ̀lú fóònù méjì lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò pè. Kò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nílé ìwé náà. Àfi bí tàbúrò ṣe tún dún. "Ọ̀gá" ni wọ́n kọ sójú rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà yín ni, èmi ni mẹkáníìkì tó—"

"Òun ni mò ń wá," obìnrin kan wí. "Àwọn ọmọ ti tò sílẹ̀ tipẹ́. Ó dáa, òun ló ń wọlé yẹn. Ẹ ṣé."

"Mà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ—"

Ó ti gé e. Àtúnwò fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Orí òkè ni ilé ìwé yẹn wà. Láti ẹnu géètì rẹ̀ ni ọ̀nà odò ti ń dà sísàlẹ̀, ó ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ìgúnpá, kòtò jíjìn sì wà lápá òsì. Àtúnwò fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú bóòtù tuntun àti nọ́ọ̀tù rẹ̀, ó kó sípánà mẹ́ta sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́. Ó sáré sọdá sọ́dọ̀ káfíńtà tó wà ní òdìkejì, torí ó ní alùpùpù.

"Káfíńtà, gbé mi lọ sílé ìwé àbúrò mi. Má tíì bi mí ní nǹkan kan."

Káfíńtà wo ojú rẹ̀, ó sọ pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá kọ́kọ́rọ́.

Lójú ọ̀nà, eré tete ni wọ́n ń sá. Gbogbo kòtò tí alùpùpù bá wọ̀ ni Àtúnwò ń kà, torí bọ́ọ̀sì náà ti wọ̀ ọ́ ṣáájú, ọ̀pá yẹn á sì ti sún díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ka mọ́kànlá, kò kà mọ́.

Nígbà tí wọ́n yọ sí géètì, imú bọ́ọ̀sì ti jáde, ó ń yí sí apá odò. Orin àwọn ọmọ ń ta jáde lójú fèrèsé.

"Dá a bùú," ó wí sí káfíńtà létí.

Káfíńtà fi alùpùpù dá ọ̀nà bùú. Àbúrò tẹ bíréèkì. Orin dáwọ́ dúró. Bọ́ọ̀sì dúró, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ káfíńtà ò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Fa bíréèkì ọwọ́. Pa á. Má yí sítíárìn rárá."

Kí àbúrò tó sọ nǹkan mìíràn, Àtúnwò ti fi òkúta di táyà méjì. Ọ̀gá ilé ìwé sọ̀ kalẹ̀, obìnrin gíga tó wọ awò ojú, inú ti bí i.

"Kí lẹ̀ ń ṣe lẹ́nu géètì mi?"

"Mà, ẹ kọ́kọ́ bá mi kó àwọn ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín."

Ọ̀gá wò ó díẹ̀, ó sì yíjú padà, ó ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kékeré kan bèèrè bóyá wọ́n ti dé odò.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, Àtúnwò ní, "Yí i sọ́tùn-ún."

Àbúrò yí i. Táyà yí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé ẹ rí i?

"Yí i sósì."

Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nǹkan kan dún kọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán bí ìdérí ìkòkò, táyà dúró sójú kan. Àbúrò yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo ọ̀nà tó dà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe láàárọ̀?" Ọ̀gá bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Àtúnwò lè sọ pé àbúrò ni kò jẹ́ kóun parí iṣẹ́. Irọ́ kọ́ ni ì bá jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀ pàápàá.

"Èmi ni, mà. Òkè ni mo tún ṣe, mi ò wo ìsàlẹ̀."

"Wọ́n fẹ́ wò ó," àbúrò wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí. "Èmi ni mi ò gbà."

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà nígbà yẹn," Àtúnwò wí. "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lẹ́bi."

Ọ̀gá kó àwọn ọmọ padà sínú ọgbà.

Àtúnwò tẹ́ àpò sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Káfíńtà gun orí àga, ó di sítíárìn mú dáadáa kó má yẹ̀. Àwọn eyín tó wà lẹ́nu ọ̀pá gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ti àpótí, kí ojú ihò bóòtù sì bára mu rẹ́gí. Iṣẹ́ tó ti ṣe láìmọye ìgbà ni, ṣùgbọ́n bóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́. Nígbà tó máa gbọ́, ẹnì kan ń rá wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò ni, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín di ọ̀pá mú."

Ó dì í mú. Bóòtù wọlé. Àtúnwò fi sípánà mú nọ́ọ̀tù.

"Òótọ́ ni bàbá sọ lọ́jọ́ yẹn," àbúrò wí. "Ó kàn dùn mí ni."

"Mo mọ̀. Ó yẹ kí n ti bi ọ́ tipẹ́ bó ṣe rí lára rẹ."

"Ẹ fún un dáadáa."

"Ìwọ fún un. Gba sípánà."

Ó fún un títí iṣan apá rẹ̀ fi le. Lẹ́yìn náà wọ́n wo gbogbo ibi tí bóòtù wà láti àpótí sítíárìn dé ìdí táyà méjèèjì, ọ̀kan ń fọwọ́ kàn án, èkejì ń tan iná sí i. Wọ́n wa bọ́ọ̀sì òfìfo lọ sódò, wọ́n wà á bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá ò lé dírẹ́bà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní lóṣooṣù ni bọ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọjọ́ kan, kó sì tó di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n sún ìrìn àjò sí, kí mẹkáníìkì mìíràn náà yẹ̀ ẹ́ wò. Àtúnwò ní ìyẹn tọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá ní kí Àtúnwò náà bá wọn lọ. Àga tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà ló jókòó sí. Àwọn ọmọ ń kọrin, ọ̀nà ń dà sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọwọ́ méjèèjì tó di sítíárìn mú. Wọ́n gba kọ́rọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ń súnmọ́ èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò wí láìwẹ̀yìn, "ẹ mí díẹ̀."

"Tá a bá délẹ̀," ó dá a lóhùn, "màá mí."